Bí A Ṣe Ń Tọrọ Ọ̀nà Láyé Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ta ni nínú yín ló gun alùpùpù kọjá mi láàárọ̀ yìí nítòsí Ọ̀fà Gáréèjì? Ẹ má wojú ara yín, èmi ni kí ẹ wò. Mo ń bọ̀ jẹ́jẹ́ mi, aṣọ funfun tí mo fẹ́ fi kírun Jímọ̀ wà lọ́rùn mi, àfi "fààà!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Nígbà tí n óò fi lajú, aṣọ ti pọ́n, irùngbọ̀n ti pọ́n, mo wá dà bí ẹni tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀ bọ̀. Ẹni tó gùn ún kò kí mi, kò fọn fèrè, kò bojú wẹ̀yìn. Sùlé, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Áà! Ṣé ìwọ ni? Ìwọ tí a fẹ́ so yìgì rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀! Ó dáa, bọ́ síwájú níbí, ìwọ gan-an ni mo ń wá. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fà mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọjá àgbàlagbà lọ́nà fún yín. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni o. Ọ̀rọ̀ kíkọjá yìí ló kù díẹ̀ kó gba ìyá yín àgbà, Ràmátù mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, lọ́wọ́ mi. Ká ní ó gbà á ni, kò sí ọ̀kan nínú yín tí ì bá jókòó síbí tí yóò máa fi eyín hàn mí.

Àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba ní Ìlọrin nígbà náà. Rélùwéè ti dé, àwọn ewúrẹ́ pàápàá ti ń mọ igbe rẹ̀. Mọ́tò kò wọ́pọ̀. Bí ọ̀kan bá kọjá, àwa tí a ti tó gbé ìyàwó á tún sáré jáde lọ wò ó. Ẹṣin ni ohun ìgùn ọlọ́lá. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá, pé Ìlọrin ò léegún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ṣùgbọ́n àwa ọ̀dọ́ ti rí nǹkan mìíràn! Kẹ̀kẹ́ ológeere! Wàláhì, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ládùúgbò, òun ni wọ́n fi ń júwe ilé. Èmi a máa fi tèmi ru aṣọ òfì lọ tà ní Ọ̀fà, n óò sì padà lọ́jọ́ kejì. Tánkẹ́ tí ẹ rí yìí, tí àwọn ọmọ yunifásítì kún bámúbámú, àparò là ń dọdẹ níbẹ̀. Ibi tí Sùlé ti da eruku bò mí láàárọ̀, igi igbá ló wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ la ti ń sinmi kí a tó wọ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti agogo. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ló ní agogo lọ́wọ́, a sì mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àsìkò ọyẹ́, tí èèyàn kò rí iwájú, o ṣì máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀. "Kíríń!" Tèmi nìyẹn. "Kírórórọ́!" Ti Yísà ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, agogo rẹ̀ ti dẹnu, bí olówó rẹ̀ ti dẹnu. Àwọn obìnrin á máa gún nǹkan nínú agbo ilé, wọ́n á dáwọ́ ọmọ odó dúró, wọ́n á ní, "Ọkọ wa ti dé o."

Nísinsìnyí, gbọ́ òfin, Sùlé. Bí o bá bá àgbà níwájú rẹ lórí kẹ̀kẹ́, o ò ní já dé ẹ̀yìn rẹ̀ gìrì. Àwọn bàbá wa ti dàgbà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n gùn. Bí o bá dẹ́rù bà wọ́n, inú koto ni wọ́n ń lọ. Láti òkèèrè ni wàá ti tẹ agogo, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, o ti ń lé e nìyẹn, wọ́n á sì gbọ́ nílé yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Wàá wá rọra bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀, wàá tẹrí ba, wàá ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Mo tọrọ ọ̀nà." Wàá sì máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dáhùn pé, "Ọ̀nà ti Ọlọ́hun ni. Máa lọ, ọmọ mi." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, táyà rẹ kò gbọdọ̀ ṣáájú tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kì í dáhùn bọ̀rọ̀! Wọ́n á kọ́kọ́ ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Màlúù tó sọnù lọ́jọ́sí, ṣé wọ́n padà rí i?" Kí wọ́n tó yọ̀ǹda ọ̀nà fún ọ, o ti gbàgbé ibi tí ò ń lọ.

Kò tíì tán o. Bí o bá kọjá tán, o ò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó wà níwájú kì í da eruku sí ẹni tó wà lẹ́yìn lójú, ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọmọdé. Jẹ́jẹ́ ni wàá máa lọ títí wàá fi jìnnà sí i. Bí o bá wá dé ìdí igi àkọ́kọ́ tó ní ibòòji, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá dúró síbẹ̀, wàá máa wo ọ̀nà títí bàbá tí o kọjá yẹn yóò fi yọ. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ṣéènì lè já. Àgbàlagbà lè ṣubú sí ibi tí kò séèyàn. Tí o bá ti rí i pé ara rẹ̀ le, ó di kí o máa lọ. Ẹni tó bá kọjá àgbà tí kò dúró dè é lábẹ́ igi, ọmọ tí a bí tí a kò kọ́ là ń pè é.

Ti àna wá yàtọ̀ pátápátá. Èèyàn kì í kọjá àna rẹ̀. Kò sí agogo, kò sí "mo tọrọ ọ̀nà." Bí o bá bá bàbá ìyàwó rẹ níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Ó parí.

Ọjọ́ Iléyá kan ni mo kọ́kọ́ rí Ràmátù, kíkọjá yìí náà ló sì fà á. A ń ti Yídì bọ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin wà níwájú, wúrà àti awọ pupa ń dán lára gàárì, àwa oníkẹ̀kẹ́ ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, a ti fi òwú oríṣiríṣi di kẹ̀kẹ́ wa lọ́ṣọ̀ọ́. Yísà ọ̀rẹ́ mi wọ agbádá tuntun, ó ń ṣe fáàrí. Ó dé ẹ̀yìn bàbá arúgbó kan, ó tẹ agogo, ó tẹrí ba, ó ní, "Bàbá, mo tọ..." Áà, ṣéènì ti hán agbádá! Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó gbá bàbá mú, àwọn méjèèjì bá kẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ sínú oko àgbàdo. Gbogbo wa sáré débẹ̀. Bàbá yìí nà gbalaja láàárín ebè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé, "Ọ̀nà ti Ọlọ́hun ni. Máa lọ, ọmọ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọbìnrin kan ti yọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń gbé bàbá náà dìde, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù lára rẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á bí ó ti ń pa mí. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ràmátù nìyẹn. Bàbá tó ṣubú yẹn ni bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Oko ló ń gbé, ní abà kan lójú ọ̀nà Ọ̀fà, a sì ń pè é ní Bàbá Olóko. Ọmọ rẹ̀ tó ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́ ló ra kẹ̀kẹ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó mọ òfin ọ̀nà jù ú lọ ní gbogbo agbègbè yẹn.

Bàbá Ràmátù, Áàfáà Sàlíù, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, fẹ́ràn mi. Kò rojọ́ púpọ̀ kó tó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Mógàjí, olórí agbo ilé wọn, Mógàjí kò sì fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ rárá. Ọkùnrin ọlọ́jà awọ kan tó ní ẹṣin funfun ti wá tọrọ Ràmátù lọ́wọ́ rẹ̀. Mógàjí jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹni tí ń gun irin lẹ fẹ́ fi ọmọ wa fún, ẹlẹ́ṣin sì ń bẹ?" Áàfáà bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbẹ̀yìn, Mógàjí ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ yìgì, mo fẹ́ obì gooro tó yọrí, kì í ṣe pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó wà lọ́jà wa yìí. Bí a bá sàlámà parí ìrun Àláásàrì, tí n kò bá rí gooro, tí n kò bá rí ọkọ, tí n kò bá rí bàbá ìyàwó níwájú mi, ẹlẹ́ṣin ni n óò fún. Ó ti di gooro tirẹ̀ sílẹ̀ ná."

Ẹ wo ohun tó bá mi! Ọ̀fà ni gooro tó yọrí wà. Mo lọ, mo rí i rà, mo di apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sun ibẹ̀ mọ́jú ọjọ́ yìgì. Bí mo ti kírun Àsùbáà tán ni mo bọ́ sọ́nà. Ọyẹ́ ń já, ètè mi ń ya, orin ń jáde lẹ́nu mi. Ìgbà kan ṣéènì yọ, mo fi í bọ̀, epo dúdú kún ọwọ́ mi, kò tilẹ̀ dùn mí. Mo kírun Àìlà ọ̀sán lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní lọ́kàn mi pé, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe àlùwàlá Àláásàrì, èmi á ti wẹ̀, èmi á ti lé tìróò. Ọmọ ọdún mélòó ni mí? Mo rò pé gbogbo ayé ni mo ti ra.

Mo dé ibi igi oṣè ńlá kan tó jẹ́ pé béèyàn bá ti rí i, ó mọ̀ pé òun ti súnmọ́lé. Mo rí aṣọ funfun kan níwájú lórí kẹ̀kẹ́. Mo tẹ agogo mi, kíríń, inú mi ń dùn pé n óò rí ẹni kí. Ẹni yẹn bojú wẹ̀yìn. Áàfáà Sàlíù ni! Àna mi!

Mo bọ́ sílẹ̀, mo da ara dé ilẹ̀ nínú eruku. Ó dúró, ó ní, "Ìwọ rèé? Àlùbáríkà. Ṣé o rí gooro?" Mo ní, "Mo rí i, Bàbá." Ó ní, "Dìde, máa bọ̀." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo gun tèmi, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, nítorí pé láìsí Áàfáà náà, kò sí yìgì. Mo ní a ó jọ dé ná. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ, mo rí i pé Áàfáà ń rìn bí ẹni tó kó ẹyin sápò. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró, á fì díẹ̀, á tún wá ẹsẹ̀ kan. Kí ló dé? Mo na ọrùn wo iwájú. Háà! Bàbá Olóko ló wà níwájú rẹ̀!

Ràmátù ló fà á. Ó ti ní òun kò ní jókòó yìgì bí bàbá ìyá òun kò bá wá ṣàdúà fún òun. Láàárọ̀ ni Áàfáà ti lọ mú un wá láti abà, bàbá sì kọ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun sẹ́yìn. Ó ní òun kì í ṣe àpò gààrí. Òun ló wá ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ níwájú, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Áàfáà kò lè kọjá àna rẹ̀. Èmi náà kò lè kọjá àna mi. Ta ló máa kọjá ta ni? Bí mo bá tilẹ̀ ya aláìlójútì tí mo kọjá wọn, òfin ní kí n dúró dè wọ́n lábẹ́ igi!

Àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná yọ lẹ́yìn wa. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn o! Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, a tọrọ ọ̀nà." Kí ni n óò wí? Mo ní, "Ọ̀nà ti Ọlọ́hun ni." Wọ́n kọjá. Wọ́n tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ Áàfáà, wọ́n kọjá. Wọ́n tọrọ lọ́wọ́ Bàbá Olóko, wọ́n kọjá, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn níwájú. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó ru igi ń kọjá ọkọ ìyàwó tó gun kẹ̀kẹ́!

Mo wá wo ilẹ̀. Áàfáà yìí kan náà ló kọ́ wa pé bí òjìji nǹkan bá ti gùn tó nǹkan náà, àkókò Àláásàrì ti wọlé. Mo wo òjìji kẹ̀kẹ́ mi, ó ti ń gùn. Mo tún rìn díẹ̀, mo tún wò ó, ó ti gùn sí i. Mo ń rí ẹṣin funfun níwájú mi, ó ń jẹ koríko lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Mo ń rí Ràmátù tó jókòó nínú yàrá, tó dẹ etí sí agogo mi. Mo fẹ́ kígbe. Ta ni èèyàn ń kígbe mọ́, àna rẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ló là mí lójú, láìmọ̀. Ó yà kúrò lójú títì, ó wọ ọ̀nà oko kan láàárín ọkà bàbà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mo ní, ẹni tó bá kúrò lójú ọ̀nà kò kọjá ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gba inú oko yọ síwájú wọn, tí mo wá kọjú sí wọn, mi ò kọjá wọn. Mo wá pàdé wọn ni. Pípàdé àna kì í sì í ṣe èèwọ̀! Wéré, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, mo gbé apẹ̀rẹ̀ gooro lérí, mo wọgbó.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo sáré! Ọkà bàbà ń gbá mi lójú. Ajá ọlọ́dẹ kan lé mi títí dé etí omi. Mo bọ́ sínú odò, omi mu mí dé orúnkún, apẹ̀rẹ̀ fì, gooro bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́. Mo ń ṣa wọ́n nínú omi, mo ń ké Bísímílàhì, kẹ̀kẹ́ ṣì wà léjìká mi. Mo gòkè, mo yọ sójú títì, mo wo ọ̀tún, mo rí wọn lókèèrè tí wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Mo so apẹ̀rẹ̀ padà, mo kọ orí kẹ̀kẹ́ sí wọn, mo wà á lọ pàdé wọn, mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá Olóko fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀. "Ọkọ Ràmátù! Láti Ìlọrin lo ti wá pàdé wa? O ṣé o. Kí ló wá dé tí omi ń kán lára rẹ nínú ọyẹ́ yìí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Ẹ̀yìn yín ni mo wà tẹ́lẹ̀. Inú oko ni mo gbà."

"Ẹ̀yìn mi? Kí ló dé tí o ò tọrọ ọ̀nà?"

"Àna mi ló wà níwájú mi, Bàbá."

Ó yíjú sí Áàfáà. "Sàlíù, ìwọ ńkọ́?"

Áàfáà wolẹ̀. "Àna mi ló wà níwájú mi, Bàbá."

Mo wá fi ìgboyà wò ó lójú. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ń rọra lọ tó báyìí? Àláásàrì ti wọlé. Bí wọ́n bá sàlámà kí a tó dé, Mógàjí á fi Ràmátù fún ẹlẹ́ṣin."

Bàbá Olóko fi ọwọ́ gbá itan. Ó pariwo, "Láàhílà! Ṣé kí n máa da eruku sí àna mi lójú ni? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ agogo lẹ́yìn ni mo ti dẹ ẹsẹ̀! Mo tilẹ̀ gbàgbé pé àna kì í kọjá àna, mo ń retí kí ẹ tọrọ ọ̀nà kí n lè wá ẹsẹ̀ mi dáadáa! Itan ń ro mí láti ìgbà tí mo ti ń rọra!"

Áàfáà Sàlíù, tí n kò rí kó rẹ́rìn-ín rí, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kó má baà ṣubú. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀. Èmi wà nílẹ̀ tí mo ti dọ̀bálẹ̀, n kò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ọ̀wọ̀ ló fẹ́ pa wá lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni iwájú ń bọ̀wọ̀ fún ẹni ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀wọ̀ fún ẹni iwájú, oòrùn sì ń wọ̀.

Bàbá Olóko ló fòpin sí i. Ó na ọwọ́ sójú títì, ó ní, "Ṣebí ọ̀nà yìí fẹ̀. Sàlíù, bọ́ sọ́tùn-ún mi. Ọkọ Ràmátù, bọ́ sósì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni kò kọjá ẹni. Eruku ẹ̀yìn ló sì ń lọ. Ẹ ká agbádá yín sókè. Ó yá, Bísímílàhì!"

Yéè! Bàbá yẹn mọ kẹ̀kẹ́ wà! Arúgbó tí mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú! Ó tẹ̀ ẹ́, a tẹ̀ ẹ́. Táyà mẹ́ta dọ́gba lójú títì bí eyín iwájú. Afẹ́fẹ́ wọ aṣọ wa, ó fẹ́ gbé wa. Agogo mẹ́ta ń dún pọ̀, kíríń-kírórọ́-kíríń, àwọn adìyẹ ń fò, àwọn ewúrẹ́ ń tú ká. A kọjá ìdí igi igbá, àwọn tó ń sinmi níbẹ̀ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Olóko ń dá wọn lóhùn láìwẹ̀yìn pé, "Yìgì ni! Yìgì ni!" A wọ ìgboro. Mo ń wo táyà mi, mo ń wo táyà àna mi. Bí tèmi bá fẹ́ ṣáájú, n óò dẹ ẹsẹ̀, bí ó bá fẹ́ kẹ́yìn, n óò tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń kírun lókèèrè, "Álláhù Àkúbárù," mo sì mọ̀ pé rákà ìgbẹ̀yìn ni wọ́n wà.

Iwájú ilé ni wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n to sáàfù, ìlà lẹ́yìn ìlà. Wọ́n ti jókòó àtááyá tó kángun sí sàlámà. Ẹṣin funfun wà lábẹ́ igi lóòótọ́, ọlọ́jà awọ náà wà ní sáàfù kejì. Lẹ́mámù sàlámà, Mógàjí yí orí sọ́tùn-ún, "Àsàlámù àlékùm." Àwa ló rí! Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tó dúró gbọnin lórí ìlà kan, eruku pupa lára wa, omi odò lára mi, gooro lẹ́yìn mi.

Mógàjí yí orí sósì, ó parí sàlámà rẹ̀, ó dìde. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó wo gooro, kò rí àbùkù. Ó wá fẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ta ló ṣíwájú nínú yín? Mo rí táyà ọmọ yìí níwájú ti àna rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá àna rẹ̀ lọ́jọ́ yìgì, kí ló máa fi ojú ìyàwó rí lọ́la?"

Mo fẹ́ lanu, ohùn kan ti ṣáájú mi. Ọlọ́jà awọ ni. Ó ti dìde lórí ẹní rẹ̀, ó ń gbọn aṣọ. Ó ní, "Mógàjí, ẹ má bínú. Ojú mi tó o. Wọ́n jọ dé ni."

Ni gbogbo èrò bá gbà á. Àwọn obìnrin lójú fèrèsé, àwọn ọmọ kéwú, àwọn tó wà ní sáàfù: "Wọ́n jọ dé ni! Wọ́n jọ dé ni!" Mógàjí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ gbé gooro kalẹ̀ nígbà náà." A ṣe àlùwàlá, a kí ìrun tiwa, wọ́n sì so yìgì. Láti inú ilé ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín Ràmátù, ẹ̀rín ọjọ́ Iléyá yẹn gẹ́lẹ́.

N kò ní gbàgbé ọlọ́jà awọ yẹn láyé. Ó gba gooro tirẹ̀ bí gbogbo èèyàn, ó ṣe àmín sí àdúà wa, ó gun ẹṣin rẹ̀. Bàbá Olóko ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbi ibòòji níwájú rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin, tí ì bá fi pàtákò ẹṣin fò ó kọjá, fa ìjánu. Ó tẹrí ba lórí ẹṣin, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Mo tọrọ ọ̀nà." Bàbá ní, "Ọ̀nà ti Ọlọ́hun ni. Máa lọ, ọmọ mi." Ó kọjá, ó sì ń fa ẹṣin náà jẹ́jẹ́ títí ó fi yà lórígun. Eruku kankan kò dìde.

Sùlé, ṣé o gbọ́? Ayé ti yí, mo mọ̀. Bí èèyàn bá ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo àgbà tó wà ní Ọ̀fà Gáréèjì lónìí, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. N kò ní kí o gbé alùpùpù lé èjìká wọ oko. Ṣùgbọ́n fọn fèrè fún mi lẹ́ẹ̀kan. Dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Bojú wẹ̀yìn kí o mọ̀ bóyá mo ṣì dúró.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ èmi àti Ràmátù ní Wọ́n-Jọ-Dé. A kì í kọjá ara wa. Bí a bá ń lọ Ọjà-Ọba, ẹ̀gbẹ́ ara wa là ń rìn, àwọn ọlọ́jà á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọyẹ́ tó kọjá, tí Ràmátù ṣáájú mi lọ bá Ọlọ́hun. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kò tẹ agogo, kò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ mi. Inú bí mi, wàláhì, mo bínú sí i gidi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ Bàbá Olóko ni, ó mọ òfin ọ̀nà. Yóò ti sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi kan níwájú, yóò máa wo ọ̀nà títí n óò fi yọ.